Àmì Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lórí Mábù

Lọ́jọ́ tí Mujeedat kọ́kọ́ rí Ọbalọlá, ńṣe ni ọmọkùnrin náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òkúta nínú ṣọ́ọ̀bù tí Mujeedat ti ń ta mábù ní Wharf Road, ó dijú bí ẹni tó fẹ́ sùn.

"Bọ̀dá, ṣé kí n bá yín wá pílò ni?"

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni Mujeedat, ẹnu rẹ̀ kì í ṣófo. Ojú ti ọmọkùnrin náà. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mábù gidi máa ń tutù.

"Ó máa ń tutù lóòótọ́. Àmọ́ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ni ò tutù láàárọ̀ yìí? Ayédèrú lẹ fẹ̀rẹ̀kẹ́ lé yẹn." Mujeedat fa òkúta míì síta. "Ẹ wo etí ẹ̀. Ìlà ara ojúlówó máa ń wọnú òkúta lọ. Ti ayédèrú, ojú lásán ló mọ."

Ó wá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí àfọ́kù mábù kan. Ó hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kán an sórí ayédèrú, kò hó rárá.

Ọbalọlá ò ra nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Ẹni tí kì í ra nǹkan tó ń wá ṣáá, ẹ sáà mọ ohun tó ń wá! Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àwọn méjèèjì lára.

Ìgbà yẹn ni Ọbalọlá tó sọ ohun tó gbé e wá. Bàbá rẹ̀ olóògbé, tó ṣiṣẹ́ ẹrù ní èbúté Kirikírì, ra tábìlì mábù kan fún ìyá rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ẹ. Àmọ́ Àǹtí Rekiat, àbúrò bàbá náà, ń sọ káàkiri pé ayédèrú ni. Ìyá rẹ̀ kàn ń nu tábìlì náà láràárọ̀ ni.

Nígbà tí Ọbalọlá mú Mujeedat lọ sílé wọn ní Àpápá, ìyá rẹ̀ wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ajégúnlẹ̀ lo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Wọ́n gbé ẹja díndín àti ọsàn wẹ́wẹ́ síwájú wọn. Àǹtí Rekiat, tó jókòó síbẹ̀, fọwọ́ gbá tábìlì mábù náà.

"Ìwọ tó ń ta òkúta, wo èyí. Ṣebí ọ̀dà ni wọ́n kùn ún? Ẹ̀gbọ́n mi kàn tan ìyàwó ẹ̀ jẹ ni."

Mujeedat rí bí ojú ìyá náà ṣe fà ro. Inú bí i. Kó tó rò ó wò, ó ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sáàárín tábìlì. Ó hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mábù gidi ni, Àǹtí! Ojúlówó!"

Ó nù ún. Ibi tí omi ọsàn dé ti pàdánù dídán rẹ̀, àmì funfun róbótó ló kù. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọsàn ń jẹ ojú mábù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àfọ́kù ló fi ń dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbínú ló mú un gbàgbé.

"Yéè! Ó ti ba tábìlì olóògbé jẹ́!" ni Àǹtí Rekiat ké. "Ṣé eléyìí la máa fi ṣaya?"

Ìyá Ọbalọlá wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Níta, Ọbalọlá di ọwọ́ Mujeedat mú. "Ọkàn mi, má sunkún. Bí wọ́n gbà, bí wọ́n kọ̀, màá fẹ́ ẹ."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Ọbalọlá mi. Àmọ́ mi ò ní gba ẹ̀yìn ìyá ẹ wọlé yín. Tó bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá tún un ṣe."

Nígbà tí ìyá Mujeedat gbọ́ ní Ajégúnlẹ̀, ó bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní: "Lọ kúnlẹ̀. Àmọ́ má kúnlẹ̀ bí olè o. Kúnlẹ̀ bí ọmọ."

Mujeedat padà lọ sí Àpápá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá Ọbalọlá. "Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò wá tọrọ ọmọ yín lónìí, tábìlì ni mo wá tún ṣe. Tí mo bá dán an tán, á dà bíi pé mi ò dé ibí rí."

Ìyá náà bi í pé:

"Ó hó àbí kò hó?"

"Ó hó, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Ìyá náà fi ìka kan àmì funfun yẹn. "Ọkọ mi sọ fún mi pé ojúlówó ni. Mo gbà á gbọ́ nígbà tó wà láyé. Ìgbà tó kú ni ọ̀rọ̀ Rekiat wọ̀ mí létí. Èmi aya rẹ̀, mo rò pé ó parọ́ fún mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn ún pé òun ṣiyèméjì sí ọkọ òun, inú rẹ̀ sì tún dùn pé kò parọ́.

Mujeedat nawọ́ sí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀! Ẹ̀rí ọkọ mi lo fẹ́ pa rẹ́ yẹn. Dìde, ọmọ mi. Sọ fáwọn òbí ẹ pé à ń bọ̀ wá tọrọ ẹ."

Wọ́n so yìgì, àwọn àlejò sì kún pálọ̀ Àpápá. Obìnrin kan tẹjú mọ́ tábìlì.

"Alhája, kí ló ba ojú tábìlì yín jẹ́ báyìí?"

Ìyá Ọbalọlá kọjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Rekiat, wọ́n ń bi wá léèrè."

Àǹtí Rekiat gbé ẹran ẹnu rẹ̀ mì. "Kò bàjẹ́," ló wí. "Mábù gidi ni. Ìyàwó wa ló dán an wò."