Bíríkìlà Tó Wá Wọn Fẹ́ǹsì

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá òkú bíríkìlà. Ó dojú bolẹ̀, orí rẹ̀ ti là, okùn ìwọnlẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irin dígà tí wọ́n fi lù ú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin tí wọ́n rán wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lápò òkú náà. Ìṣirò ìnáwó fẹ́ǹsì ni: sìmẹ́ǹtì, yanrìn, owó iṣẹ́. Wọ́n ti fa igi lé "òpó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n", wọ́n kọ "ogún" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ká ìwé náà pamọ́. Kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ìyá onílé, tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, na ìwé mìíràn sí i. "Èyí tó kọ fún mi lánàá nìyí. Òpó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìgbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé ni mo bá a báyìí."

"Ta lẹ fura sí, mà?"

"Wẹ́dà ilé kejì! Ta ni ìbá tún jẹ́?"

Wẹ́dà kò sẹ́ pé òun halẹ̀. "Mo sọ ọ́! Mo ní ẹni tó bá gbẹ́ kòtò dí ọ̀nà mi, inú kòtò yẹn la ó sin ín sí. Ẹnu lásán ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà láti àárọ̀, ẹ bi àwọn oníbàárà mi."

"Ẹ mọ iye òpó tó fẹ́ rì?"

"Kí ló kàn mí? Ẹyọ kan ti pọ̀ jù!"

Àbúrò ọkọ ìyá onílé ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ń sùn ni. Mi ò rí bíríkìlà kankan lónìí. Ìwé rẹ̀ gan-an, ìyàwó wa ò fi hàn mí. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ nílé yìí. Ẹ lọ mú wẹ́dà, màdáámù. Ta ló tún lè pa ènìyàn nítorí ogún òpó péré?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká. Erùpẹ̀ ìdí òkúta ààlà méjì ṣì rọ̀. Níwájú díẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá ewé kúrò nílẹ̀: ihò méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí. Wọ́n ti sún ààlà wọlé.

Ó padà wá.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé àná. Àpò òkú nìkan ni ogún wà, àárọ̀ yìí ló sì kọ ọ́. Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Ó ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé fẹ́ǹsì ń bọ̀, ó hú òkúta ààlà ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó sún un wọlé kí ibi tó tà lè wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

"Ó wọ̀n ọ́n, ó kígbe pé ogún! Ó ní ààlà ti yẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ó ní òun ò lè parọ́ mọ́ okùn. Dígà ló wà nítòsí." Ó yíjú sí ìyá onílé. "Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni! Àlejò ni ọ́!"

Ìyá onílé kò sunkún. Ó wò ó tìtì.

"Bíríkìlà yẹn níyàwó. Ta ló máa lọ sọ fún un?"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó lọ fi bo òkú náà.