Bàbá Tí Kìtán Fi Orin Sin

Ọjọ́ tí Kìtán kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ìdirun mi ní Ìjàpọ̀, l'Ákùúrẹ́, ńṣe ló fajú ro bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó ní kí n di irun òun bíi ti ọmọ ìta, torí fídíò orin ráàpù rẹ̀. Mo kan ki kóòmù bọ̀ ọ́ lórí báyìí, omi ti lé ròrò sí i lójú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Nínú orin tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun nígbà tóun sin bàbá òun, tóun wá ń sùn lábẹ́ ìsọ̀. Orin yẹn pa mí lẹ́kún. Nígbà tó ní òun máa fẹ́ mi, mo ní kó mú mi lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀ ní Oǹdó.



"Bùkọ́lá mi," ó ní, "bàbá mi wà láyé. Ta ni yóò gbọ́ ráàpù ọmọ tísà tó ń jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà láràárọ̀?"

Ó dùn mí wọra, àmọ́ mi ò lè fi í sílẹ̀. Ìyá mi ní ẹni tó lè fẹnu pa bàbá rẹ̀, kí ni kò lè fẹnu ṣe fún mi? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fojú fò ó.

Tísà Akíntóyè, bàbá Kìtán, gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀ l'Óǹdó. Ìgbà tí a dárúkọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ti gbọ́ orin náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wá fún wọn.

"Ọma mi, òkú kì í tọrọ ìyàwó fún ọmọ. Ibi tí Kìtán ti sin mí ni kó ti jí mi."

Kìtán dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó búra pé lórí pèpéle eré tóun fẹ́ ṣe l'Ákùúrẹ́, lójú gbogbo èrò, lòun máa ti sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ eré náà, èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Kìtán rí wa. Ó gbé máìkì sẹ́nu. Àwọn èrò ti ń pariwo orúkọ orin yẹn. Ó wojú wa, ó wojú wọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń bá a gbè é pé bàbá rẹ̀ ti kú.

Bàbá kò bínú. Wọ́n rọra dìde, wọ́n ní kí n dúró ti ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Mi ò lọ́kọ níbí."

Mo di ọwọ́ wọn mú, a jọ lọ wá ọkọ̀ Oǹdó. Ohùn rẹ̀ tẹ̀lé wa dé títì. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bojú wẹ̀yìn.