Ọwọ́ Òsì Tó Fẹ́ Gba Ife

Káfíńtà kan wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Máfojúdimí lẹ́yìn. Agbéraga paraku ni. Bí èèyàn bá kí i tí kò tẹríba tó, wàhálà dé nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a fi ọ̀dà kun àga kò yéé wàásù Jésù fún un.

"Ta ni mo ṣẹ̀?" ni èsì rẹ̀. "Èmi kì í bẹ ẹnikẹ́ni."

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọsibítù, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ oògùn jẹjẹrẹ sí eegun ẹ̀yìn. Irun orí rẹ̀ re tán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá, bàbá sì ti ń fọ́nnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ife omi fún un. Ọwọ́ òsì ni ọmọ nà.

"Èmi lo ń na ọwọ́ òsì sí?"

Ọmọ náà kò fèsì.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, o wá ń wò mí lójú kòrókòró!"

Ó fọ́ ọ létí. Ife fò, omi dà sí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹkún kò sì lè jáde.

Dókítà sáré dé, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ sókè. Ọwọ́ náà já bọ́ bí aṣọ tútù.

"Oògùn tó ń lé jẹjẹrẹ ló kan ọpọlọ rẹ̀, sà. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àwọn ọmọ mìíràn bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń lọ, àmọ́ mi ò lè búra."

"Ṣé àbàrá mi kọ́ ló fà á?"

"Rárá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbá a. Kò lè fèsì ni."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wàásù fún un wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ojú Máfojúdimí ti pọ́n.

"Bẹ Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ mi."

"Ojú wo ni kí n fi bẹ̀ ẹ́?"

"Ojú tó o ní yẹn náà. Jésù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n gbá a létí nítorí rẹ, kò sì gbẹ̀san."

Síbẹ̀, orúnkún Máfojúdimí kọ̀, kò tẹ̀.

Nígbà tó yá, ahọ́n ọmọ náà tú díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà tìrora-tìrora: "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ọ̀tún ni mo fẹ́ fi gbà á."

Máfojúdimí wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Jésù, èmi ni mo ṣẹ̀! Ọmọ mi, forí jì mí!" Ọlọ́run gbọ́ ọ, ọmọ náà sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò tíì gbé ife.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni o ṣẹ̀? Má sọ pé kò sí. Ọmọ Ọlọ́run na ọwọ́ tí wọ́n kàn níṣòó sí ọ, o sì ń gbá a dànù. Ṣé ó di ìgbà tí ẹni tí o lù bá ń bẹ̀ ọ́ kí o tó mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́? Orúnkún rẹ ṣì ń tẹ̀ lónìí. Kúnlẹ̀.