Ẹ̀rọ Kékeré Inú Yàrá Ephraim

Òjò ti rẹ híjáàbù Àdìzát dé èjìká lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọjú sẹ́nu ọ̀nà Ephraim, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà eyín ni yín? Yàrá kejì ni mo kó sí. Látìgbà tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ yín, eyín ti ń dùn mí.”

Ephraim bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó pa ẹ̀rọ kékeré tó fi ń dán nǹkan, ó sì fi mọ́tò pupa kan hàn án, kò ju àtàǹpàkò lọ. Mọ́tò gidi ló ń kùn lọ́dà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sango. Bó bá délé tí kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀, á kun kékeré, á máa fi ẹ̀rọ dán an títí yóò fi máa kọ mànà.

Bí Àdìzát ṣe ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Nínú èmi àti mọ́tò yín, ta ni ìyáálé?”

“Mọ́tò kì í bá mi jà.”

“Èmi náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, olówó orí mi.”

Ṣùgbọ́n Bàbá Àmọ̀dá tó bí Àdìzát lọ́mọ fárí gá ní ìlú Àtàn pé Ephraim ò ní fẹ́ ẹ. “Ti pé ó jẹ́ Kìrìsítẹ́nì, a lè jókòó sọ ọ́. Àgbàlagbà tó ń fi mọ́tò ṣeré ńkọ́?” Ó ní kí ọmọ òun padà wálé.

Wọ́n ti yàrá kejì pa. Àárò Àdìzát sọ Ephraim. Ó ṣe lọ́rì kékeré kan tó jọ èyí tí Bàbá wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bí Àdìzát ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó gbé e lọ sí Àtàn, ó dọ̀bálẹ̀.

Bàbá yí lọ́rì náà wò. “Ibí yìí ti bó.”

Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ti họ ọ̀dà létí òrùlé, ọ̀dà eléérú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yọ.

“Ó ti dán tán, sà, síbẹ̀ mi ò pa ẹ̀rọ. Tí mo bá pa á, ilé á dákẹ́. Mi ò lè fara dà á mọ́.”

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Bó ṣe ń tàn án sílẹ̀ nìyẹn látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó nawọ́, ó pa rédíò náà.

“Látìgbà tọ́mọ yìí ti délé, kò bá mi sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, kì í dákẹ́. Ṣé o lè fara da ariwo ẹnu ẹ̀?”

“Òun gan-an ni mo wá tọrọ, sà.”

“Àdìzát!” Bàbá ké. “Gbé omi wá fún ọkọ ẹ.”