Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mi Ò Wá

Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ilẹ̀-ń-mì, mú ìwé àkọsílẹ̀ mi dání, ó ń lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ìdílé méjìlá ló sá wá síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà, ìyá ìyá mi, wà lára wọn. Wọ́n ti ń di ẹrù. Bí Tíṣà bá ti ka ohun tí mo kọ nípa ilẹ̀ fún wọn, ilé yá nìyẹn.

Èmi ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì, bó ti wù kó kéré tó, sí níkàáwọ́. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bébà rẹ̀, kí n sì kọ ohun tí kálàmù rẹ̀ bá fà sílẹ̀. Tíṣà ti ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ kan ń rò ó pé ìjì ńlá lè wà lára ohun tó ń mú ilẹ̀ mì: àgbàrá á gbá yẹ̀pẹ̀ òkè lọ, ẹrù á fúyẹ́ lórí àpáta, èyí tó ti fẹ́ yẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá ráyè yẹ̀. Ó ní kò tíì dájú. Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá sì ti mì díẹ̀díẹ̀ nígbà ìjì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tíì padà sí ìsàlẹ̀ òkè.

Ìjì dé, èmi ò yọjú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ká jọ sábẹ́ aṣọ ìbora. Nígbà tí òjò dá, mo bá bébà tó ti tán àti kálàmù tí tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Ilẹ̀ kò mì." Ta ni yóò mọ̀?

Irọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rọrùn, àfi ìgbà tí ìyá ìyá ẹni bá fẹ́ lọ sùn lé e lórí. Mo sáré bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kà á. Mi ò wá lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Irọ́ ni mo kọ."

Ó pa ìwé náà dé. "Bébà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ò sọ pé ilẹ̀ ò mì. Ohun tó sọ ni pé a ò mọ̀."

Ó wọlé, ó ní kí wọ́n tú ẹrù. Kò dárúkọ mi; èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́. Káfíńtà kan láàárín wọn sọ pé ẹni tí a ní kó ṣọ́lé ló lọ sùn. Màmá àgbà ò bú mi, ó kàn kọjú sí ògiri. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

A fi bébà àti tàdáwà tuntun sẹ́rọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kálàmù ti ń gbọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mì, àwọn fèrèsé ń pariwo, àwọn ọmọdé ń ké. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ògiri yàrá Màmá àgbà ti wó sórí bẹ́ẹ̀dì tó máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ó wò ó, ó wá fà mí mọ́ra.

Wọ́n bi Tíṣà bóyá ìjì ló fà á. Ó ní òun ò lè sọ. Ọjọ́ mẹ́ta tí ì bá ràn án lọ́wọ́ láti dáhùn ni kò sí nínú ìwé.

Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Ó na ìwé sí mi kí n tún un ṣe; mo fagi lé irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé: "Mi ò wá." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìtìjú ọjọ́ kan ò pa mí. Irọ́ tí mo fi bò ó ló kù díẹ̀ kó pa Màmá àgbà.