Kò Sí Ulé Lábẹ́ I

Ìdí Folúkẹ́ kò gba àga. Ó jókòó, ó dìde, ó tún wo tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì onílé kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀. Lọ́la ni wọn yóò sọ ọmọ Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀kúnlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oríkì tí ìyá wọn àgbà fi ń kí àwọn ọmọ ilé wọn káàbọ̀ sáyé ni bọ̀ọ̀dá ń wá, ó sì ti ní òun yóò pè sórí tẹlifóònù náà láàárọ̀ yẹn. Ìyá àgbà ti wọlẹ̀ sùn nílùú wọn, Ìjan, lọ́dún tó kọjá, oríkì náà gùn, kò sì sẹ́ni tó ká a sórí tán. Orí ojú-ewé tí Folúkẹ́ ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí.

Ojú-ewé ọ̀hún dára nígbà kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà ló kó sí i, ó sì tò wọ́n láti A dé Y. Abẹ́ U ló kún jù, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìjan ni ìyá àgbà ń sọ ọ́, kì í pe iṣu ní iṣu, uṣu ni. Àfi ọjọ́ tí Yétúndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tó ti Ìbàdàn wá, rí i.

"Uṣu? Uṣẹ́? Folúkẹ́, ará oko ni ẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló ń fi U bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ojú gba Folúkẹ́ tì. Ọjọ́ náà ló pa gbogbo ìtọ́ka abẹ́ U rẹ́, ó ní òun yóò tún wọn tò sábẹ́ I tó bá yá. "Tó bá yá" ò yá mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ o, ọ̀nà ibẹ̀ ló dí: ẹni tí kò bá mọ orúkọ tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè rí i ṣí. Oríkì náà wà lára wọn, Folúkẹ́ alára sì ti gbàgbé orúkọ tó fún un.

Láàárọ̀ yẹn, ó tẹ "oriki", kò sí. Ó tẹ "omo", kò sí. Ó tẹ "ile", òfìfo. Yétúndé jókòó tì í, ó ń bá a ronú. Onílé kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n dìde. Wáyà kan ṣoṣo ni tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń lò, bí wọ́n bá ń wá nǹkan, ìpè Lọ́ńdọ̀nù kò ní lè wọlé.

Wọ́n dìde. Kò pẹ́, ìpè wọlé.

"Folúkẹ́, mo ti wà níwájú kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n tẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ mọ́." "Mo tẹ 'ile', kò sí."

"Ilé kẹ̀? Ta ní ń pe ilé ní ilé nínú ilé wa?"

Ohùn ìyá àgbà sọ sí Folúkẹ́ létí, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ó wo Yétúndé, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ulé. Ẹ tẹ U, L, E."

Ara rẹ̀ kò balẹ̀ títí bọ̀ọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ulé ló mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ulé lo bọ̀ sí..." Ẹkún ò jẹ́ kó lè kà á tán.

Yétúndé gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Má bínú," ló sọ jẹ́jẹ́. "Jẹ́ ká dá U padà. Èmi á bá ẹ tẹ̀ ẹ́."

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Díẹ̀ ló kù kí Folúkẹ́ má jẹ́ kí wọ́n rí ilé tí wọn yóò wò. Ẹni tó bá torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ pa orúkọ ilé rẹ̀ rẹ́, òun náà ni yóò wá ọ̀nà ilé tì.