Àwo Tó Ń Sọ Gáàsì Di Omi

Ẹ ti ń fura pé ẹni tó wà nínú gáréèjì yẹn ló ba ẹ̀rọ Waheedah jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọlátúnbọ̀sún náà ṣe fura, ọkùnrin tó gbà pé bàtà òun tó ń dán ti yanjú ìdajì ẹjọ́ kí òun tó lanu.

Ọdún 2014 ni, lẹ́yìn òpópónà kan nílùú òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Yarnton Way. Auntie Medinat, ìyá Waheedah, ń kírun nínú gáréèjì náà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ń ṣèwádìí. Bàtà rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ọ̀hún, àpótí irin kan ni, àwo tí wọ́n fi irin pilatínọ́ọ̀mù bò wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lo agbára núkílíà, gáàsì háídírójìn lè kóra jọ kó bú gbàù. Àwo yìí ni yóò máa pò ó mọ́ ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, omi ò kán. Ọ̀sán sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń bọ̀ wá wò ó.

"Nǹkan ti bo ojú àwo yìí," Waheedah wí. "Èéfín lè pa á. Ohun tí wọ́n bá fọ́n, tó ní sílíkónì, náà lè pa á. Uncle, ó ṣì ṣiṣẹ́ lánàá kí ẹ tó wá wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bá wa. Àwo kan ló kù, mi ò sì lè fi síbẹ̀ láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́."

Èéfín nìkan ni Ìnsípẹ́kítọ̀ gbọ́. Ó kọjú sí Fàtáì, alábàáṣiṣẹ́ Waheedah. "O ní kẹ́ ẹ ta ẹ̀rọ yìí, Waheedah kọ̀."

"Uncle, ẹni tó fẹ́ ta ewúrẹ́ kì í ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀."

"Auntie ńkọ́?"

"Tùràrí ni mo gbé wá, kí àlejò lè bá òórùn dídùn," Medinat dáhùn. "Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ gbọ́ àlàyé. Ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn. Ọ̀tá ì bá fọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ràn Waheedah ló ń sun tùràrí sí i. Auntie, èéfín yín ló pa á!"

Omijé bọ́ lójú Medinat. "Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?"

Waheedah ṣí ìkòkò tùràrí. Èédú inú rẹ̀ ṣì dúdú minimini. "Kò jó rárá, Uncle. Mummy ò rí ìṣáná."

Ìnsípẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀, ó fa agolo kékeré kan tó máa ń fọ́n sí i yọ lápò, ó fẹ́ tẹ orí rẹ̀.

Waheedah gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé ibí náà lẹ ti fọ́n ọn lánàá?"

"Ibí náà ni. Ṣé kí n fi bàtà tó ti kú jáde sí gbangba ni?"

Fàtáì kó bàtà náà síta. Waheedah nu àpótí dáadáa, ó fi àwo tuntun sí i, ó tú gáàsì sílẹ̀. Omi ti ń kán kí àwọn àlejò tó kan ilẹ̀kùn.

Sílíkónì, èròjà tó ń mú bàtà dán, ló wà nínú agolo náà.